Ẹ Má Fi Iṣẹ́ Baba Wa Ta Ará Òfurufú Lọ́rẹ!

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi bi ọmọkùnrin èyíkéyìí tó fẹ́ràn fíìmù ní Ìpọ̀nrí níbí, ìbáà jẹ́ nínú ọjà, ìbáà jẹ́ nínú ẹ̀sítéètì, pé ta ló kọ́ píramíìdì ilẹ̀ Íjíbítì. Kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, "Àwọn tó ti inú ìràwọ̀ wá ni." Ẹ wá bi í pé ta ló ṣe àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀. Á dúró díẹ̀, á họrí, á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé àwọn kan náà ni o." Ìdáhùn yìí ni mo fi etí ara mi gbọ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan, gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tí wọ́n ń fá lórí lọ́wọ́ tún gbè é lẹ́sẹ̀: "Òótọ́ ló sọ. Ṣé èèyàn dúdú lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láyé àtijọ́ ni?"

Ó tán. Gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lónìí ló wà nínú ìbéèrè bàbá yẹn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń wo fíìmù ọkọ̀ òfurufú o. Èmi náà ń wò ó, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ọkọ̀ tó ń fò láti ayé kan bọ́ sí òmíràn, ìbọn tó ń yọ iná búlúù, ẹ̀dá olójú mẹ́ta tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì já gaara, ta ni kò ní fẹ́ wò ó? Irú kan ṣoṣo nínú wọn ni mo wá bá wí: àwọn tó máa ń mú iṣẹ́ ńlá tí àwọn ará àtijọ́ ṣe, tí wọ́n á gbà á lọ́wọ́ onílé, tí wọ́n á sì gbé e fún àlejò tó ti òfurufú wá. Mo ní olè ni wọ́n. Mo tún ní olè àtijọ́ ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn, kí wọ́n má baà ní mo ń sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní 1994 ni sinimá Stargate jáde. Nínú rẹ̀, Rá tí àwọn ará Íjíbítì ń bọ di ẹ̀dá àjèjì kan tó ti òfurufú wá kó àwọn èèyàn lẹ́rú. Láti 1997 títí di 2007, wọ́n ṣe é léraléra lórí tẹlifíṣàn, apá mẹ́wàá gbáko, píramíìdì sì di èbúté tí ọkọ̀ àwọn àjèjì ń gúnlẹ̀ sí. Kó tó dìgbà yẹn, ní 1975, Doctor Who ti BBC ti gbé ìtàn kan jáde tí wọ́n pè ní Pyramids of Mars. Níbẹ̀ náà, òrìṣà Íjíbítì di ará ayé mìíràn. Ìyẹn ṣì sàn, wọ́n ní àròsọ ni. Èyí tó burú jù ni Ancient Aliens tí iléeṣẹ́ History ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 2010. Òun ò tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àròsọ. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó ń béèrè ìbéèrè bí ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn ọmọ wa ń wo gégé rẹ̀ lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì, láti Ojúẹlẹ́gba dé Costain, wọ́n sì ń gbà á gbọ́.

Ẹ má sì sọ pé fíìmù òyìnbó wọ̀nyí jìnnà sí wa. Doctor Who tí mo dárúkọ yẹn, ní 2013 ni BBC kéde pé àwọn ti rí mẹ́sàn-án gbà padà nínú àwọn èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1967 àti 1968, tí wọ́n ti sọ nù ní London láti ọjọ́ pípẹ́. Níbo ni wọ́n ti rí i? Ní Jos, nínú iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn, nílẹ̀ wa níbí! Àwọn tó ni ìtàn sọ ọ́ nù, àwa la bá wọn fi pamọ́ sínú eruku. Mélòó wá ni nínú eré Baba Ògúǹdé àti ti Moses Ọláìyá, tí tẹlifíṣàn gbé jáde láyé ọjọ́un, tá a ṣì lè rí wò lónìí? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kí inú má baà bí mi kọjá ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Erich von Däniken, ará Switzerland kan tó ń ṣe máníjà òtẹ́ẹ̀lì. Ní 1968 ló kọ ìwé kan lédè Jámánì, èyí tí wọ́n pè ní Chariots of the Gods? lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé àwọn òrìṣà tí aráyé àtijọ́ ń bọ, awakọ̀ òfurufú ni wọ́n. Ní 1970, ilé ẹjọ́ ní Switzerland rán òun fúnra rẹ̀ lẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì owó, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ìwé rẹ̀ má tà bí àkàrà gbígbóná.

Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀ ṣá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ilé-Ifẹ̀ kó tó dé òfurufú. Leo Frobenius, ará Jámánì, wọ Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn ère tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, ó rí orí Olókun tí wọ́n fi idẹ ṣe, ẹnu sì yà á. Ǹjẹ́ kò yẹ kó kí onílé pé ẹ kú iṣẹ́, kó sì bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ṣe é? Rárá o. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sáyé pé òun ti rí Atlantis, ìlú ayé àtijọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, pé àwọn ará Gíríìsì ló wá tẹ̀dó sí etíkun wa nígbà kan, tí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà wọn sílẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó bá lórí ilẹ̀, lójú tirẹ̀, wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ gbé orí náà lọ. Ìjọba amúnisìn ló dá a dúró tí wọ́n mú kó dá a padà.

Ẹ wá fi ojú inú wò ó. Ní 1910, ará Gíríìsì ló ṣe é. Láti 1968, ará ìràwọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ń gbé ògo fún ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò yí padà. Wọ́n lè ní, "Ṣebí a dárúkọ Stonehenge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà?" Lóòótọ́, wọ́n dárúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Cologne ní Jámánì ńkọ́, tó ga ju píramíìdì lọ? Mi ò tíì rí fíìmù tó ní ará òfurufú ló kọ́ ọ. Gbogbo wọn gbà pé àwọn bíríkìlà ilẹ̀ Jámánì ló kọ́ ọ, pẹ̀lú òógùn ojú wọn, fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà ọ̀pọ̀.

Àwọn kan máa ní eré lásán ni, pé kí ló kàn mí? Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà. Ìlú olókùúta kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Great Zimbabwe, odi rẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa lọ, wọn ò sì fi sìmẹ́ńtì kankan kọ́ ọ. Karl Mauch tó débẹ̀ ní 1871 ní ààfin Ọbabìnrin Ṣébà ni. Randall-MacIver yẹ̀ ẹ́ wò ní 1905, ó ní ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Obìnrin kan, Gertrude Caton-Thompson, walẹ̀ níbẹ̀ ní 1929, ohun kan náà ló sọ. Ṣùgbọ́n ìjọba aláwọ̀ funfun tó ń jẹ ní Rhodesia kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, wọ́n ń fúngun mọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́ síta. Peter Garlake, tó wà nídìí ìtọ́jú àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ náà, kọ̀ láti parọ́. Ní 1970 ó kúrò nílùú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ibi tó gbà lọ? Yunifásítì Ifẹ̀ ni! Láàárín 1971 sí 1973 ló fi ń walẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Aṣírí. Ẹni tí wọ́n lé nítorí òtítọ́ ilé onílé, ilé tiwa ló wá ń bá wa tú.

Kí ló dé tí ìjọba tó ní ṣọ́jà àti ìbọn fi ń bẹ̀rù òkúta? Torí ó mọ̀ pé tó bá jẹ́ èèyàn dúdú ló kọ́ ìlú yẹn, a jẹ́ pé èèyàn dúdú ló nilẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gba òmìnira ní 1980, orúkọ òkúta yẹn ni wọ́n sọ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá ṣì ní eré lásán ni, kó lọ bi wọ́n ní Zimbabwe.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀rí, torí èébú nìkan kì í dá ẹjọ́. Ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ọkọ́ wọn sì kan orí idẹ. Wọ́n rí ju mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe idẹ pàápàá, bàbà ni, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lábùlà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń yọ́ irin: bàbà pọ́ńbélé le í dà ju idẹ lọ, àfi kí iná gbóná kọjá 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì tó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ó ti fẹ́ dì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn á fi ìda oyin mọ orí náà pẹ̀lú ojú, imú, ètè àti ilà tó bá wà lójú, wọn á fi amọ̀ bò ó pátápátá, wọn á fi iná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọn á wá da bàbà yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Tó bá tutù, wọn á fọ́ amọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú, iṣẹ́ bàjẹ́, àtibẹ̀rẹ̀ ló kù. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọ̀gá wà ńbẹ̀, ọmọṣẹ́ wà ńbẹ̀, afẹ́wìrì wà ńbẹ̀, ìyàwó ọ̀gá tó ń gbé oúnjẹ wá wà ńbẹ̀.

Ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, Abídèmí Babalọlá, ọmọ wa tó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, walẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó wú jáde ju 12,000 lọ, àti àìmọye àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí, pẹ̀lú pàǹtírí dígí tí wọ́n dà nù. Iṣẹ́ yìí jáde síta ní 2017. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti òyìnbó mu. Ohun tí wọ́n fi pò ó, agbègbè wa níbí ni wọ́n ti rí i. Pàǹtírí yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ẹ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Ìpọ̀nrí, ẹ ó rí ọ́ìlì dúdú àti nọ́ọ̀tì tó ti jẹ. Ẹ lọ sẹ́yìn ti télọ̀, ẹ ó rí àjákù aṣọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ìdọ̀tí á wà níbẹ̀. Ará òfurufú wo, tó lè fo àárín ìràwọ̀ kọjá, ló máa jókòó ní Igbó Olókun, tí á máa fọ́ ìkòkò amọ̀, tí á máa da ìlẹ̀kẹ̀ tí ò jọ nù?

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Íjíbítì tí wọ́n ń pariwo. Ní 2013, Pierre Tallet, ará Faransé, rí àwọn ìwé pápírọ́ọ̀sì kan létí Òkun Pupa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Merer, tó ń fi ọkọ̀ kó òkúta láti Tura lọ sí ìdí píramíìdì ńlá náà láyé Ọba Khufu, ó ti ju 4,500 ọdún lọ. Ó kọ ọ́ lójoojúmọ́: lónìí a dì òkúta, lónìí a sùn síbí, lónìí a já ẹrù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá rí á mọ irú ìwé yẹn dáadáa. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà, Merer ò rí ọkọ̀ òfurufú kankan. Òkúta ló rí.

Ẹ̀yin tí mo wá fẹ́ bá jà gan-an, ilé ni mo bá yín. Òyìnbó tó ní baba wa ò lè ṣe é, a ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó wá ń fi ayọ̀ gbà á, tó ń ní, "Ẹ ò rí i, àní Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni!" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ohun tí ìtàn sọ ni pé ó mú iyẹ̀pẹ̀ dání, ó mú àkùkọ dání, adìyẹ sì ta iyẹ̀pẹ̀ ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì wo ló ń kó adìyẹ? Àwọn àgbà tó fi ìtàn yẹn sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ilẹ̀ àti oyè. Ẹ má fi bébà fíìmù wé e. Òmíràn á ní Ifá ni kọ̀ǹpútà, torí odù rẹ̀ jẹ́ 256, torí ẹyọ kan àti eéjì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá dúró síbẹ̀, mo lè bá a mi orí. Ṣùgbọ́n kò ní dúró síbẹ̀, á fi kún un pé láti inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti gbé e wá. Ó rò pé òun ń yin Ifá. Ó ń sọ pé àwọn babaláwo tó fi ọdún gígùn kọ́ ọ sórí ò ní làákàyè láti ronú kàn án.

Irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn Dogon ní Máli. Robert Temple kọ ìwé ní 1976 pé ẹ̀dá láti ìràwọ̀ Sirius ló sọ fún wọn nípa ìràwọ̀ kékeré kan tí ojú lásán ò lè rí. Walter van Beek lọ bá wọn gbé, ó sì kọ ọ́ ní 1991 pé òun ò rí ẹni tó mọ ìtàn náà láàárín wọn, àfi àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu òyìnbó. Ojú sánmà kò ṣókùnkùn sí àwọn baba wa. Wọ́n wò ó, wọ́n sọ àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Èyí tí a fi ojú ara wa rí tó wa ṣayé. Lẹ́nu àwọn àgbà sì nìyí, ìpọ̀nrí ni orísun tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, tí a máa ń bọ. Àwa tá à ń gbé Ìpọ̀nrí wá ń sọ pé inú ìràwọ̀ la ti ṣẹ̀!

Ẹnì kan á bi mí: ṣé o fẹ́ kí a má wo ìtàn òfurufú mọ́ ni? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, iwin àti ẹbọra kún inú rẹ̀ dẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó kà á tó wá sọ pé Yorùbá ò lè kọ́lé. Nnedi Okorafor mú àwọn àjèjì wọnú òkun létí Bar Beach ní Èkó níbí, nínú ìwé rẹ̀ Lagoon, ní 2014. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tiwa, mú wọn wá sí Nàìjíríà ní 2066 nínú Rosewater, ìwé yẹn sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Àlejò ni àlejò nínú ìwé méjèèjì, onílé ni onílé. Kùdìẹ̀kudiẹ ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n.

Òfurufú tòótọ́ pàápàá kò sì jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Kingsport wà ní èbúté Èkó. Inú rẹ̀ ni Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa ti bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ ní Washington, nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, 2003 ni sátẹ́láìtì tiwa, NigeriaSat-1, gbéra láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìyẹn ò ha tó ẹ fi ṣe fíìmù ni?

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù ní Súrùlérè, ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn ránṣẹ́ sí ìwé yìí lóṣooṣù, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ará òfurufú wá, mo fara mọ́ ọn. Kí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní ẹ̀yìn odi Ifẹ̀ láyé àtijọ́, kí ebi máa pa á, kí àwọn ọdẹ mú un wọ̀lú. Kó rí bí wọ́n ṣe ń da bàbà, kó dọ̀bálẹ̀ bẹ ọ̀gá pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n fi í sídìí ẹwìrì fún ọdún méje, kó máa sùn, kí ọmọ ọ̀gá máa bomi lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí orí àkọ́kọ́ tó máa dà fọ́ sí méjì, kí gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, kí ọ̀gá sì ní kó tún ìda mọ.